Lẹ́tà sí Àbúrò Mi, Ẹnjiníà Kárí-óvà ti Ògùnpa

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Ẹnjiníà ọ̀la, ọmọ tí Màmá fi ń yangàn lọ́jà Ògùnpa,

Mo kí ọ o. Mo kí ìwé Dynamics rẹ náà, èyí tí o fi ṣe ìrọ̀rí nígbà tí mo wá kí Màmá. Ó yẹ ẹ́. Ìwé tó nípọn tó bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ṣe fótókọ́pì rẹ̀ títí tí àwòrán inú rẹ̀ fi dúdú bí ìdí ìkòkò, ó kúkú yẹ kó wúlò fún ohun kan.

Mo mọ̀ pé o máa bínú pé ìta gbangba ni mo ti ń bá ọ sọ̀rọ̀. Ìwọ lo kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ kárí-óvà Dynamics rẹ yìí síta. Orí WhatsApp ẹbí, níbi tí gbogbo àgbà ilé wa ní Bẹ́yẹrúnkà wà, ni o kọ ọ́ sí pé Dynamics kì í ṣe ẹ̀kọ́ ọmọ ènìyàn, pé àjẹ́ ló kọ ọ́, pé o ti sọ fún lẹ́kítọ̀ yín pé kò sí rigid body kankan ní Ìbàdàn. Màmá pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ní ta ló ń jẹ́ Rigid Bọ́dè, ṣé òun ló gba máàkì ọmọ òun. Mo ní kí wọ́n fara balẹ̀, pé mo mọ̀ ọ́n rí, pé èmi náà bá a jà kí n tó di olùkọ́ físíìsì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ ti tọ̀nà ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Rigid body kò sí ní Ìbàdàn lóòótọ́. Kò sí ní Èkó, kò sì sí ní London. Ohun tí ìwé ń pè bẹ́ẹ̀ ni ara líle kan tó jẹ́ pé, bó ti wù kí a tì í, kí a lù ú, kí a sọ ọ́ mọ́lẹ̀, ìwọ̀n tó wà láàárín ibi méjì tí a bá fọwọ́ tọ́ka sí lára rẹ̀ kò ní yí padà láéláé. Rìn láti Dùgbẹ̀ dé Ọjà'ba, kò sẹ́ni tó máa tà á fún ọ. Irin ń tẹ̀. Òkúta ń tẹ̀, bí ojú ò tilẹ̀ lè rí i. Gbọ̀ngàn Màpó tó ti jókòó sórí òkè láti 1929, ó ń fẹ̀ díẹ̀ lọ́sàn-án, ó sì ń súnkì díẹ̀ lóru. Irọ́ ni rigid body. Irọ́ tí gbogbo ẹnjiníà ayé fohùn ṣọ̀kan pa ni.

Ṣùgbọ́n wo ohun tí irọ́ náà rà fún wa. Táyà ọkọ̀ Micra kan ṣoṣo, àìmọye ẹgbẹẹgbẹ̀rún átọ́ọ̀mù ló wà nínú rẹ̀. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá lómìnira láti lọ síbi tó wù ú, ta ni yóò tọpa wọn? Gbàrà tí a bá ti fohùn ṣọ̀kan pé ara náà kì í tẹ̀, nọ́ńbà mẹ́fà péré ló kù: mẹ́ta tó ń sọ ibi tó wà, mẹ́ta tó ń sọ ibi tó kọjú sí. Bó bá jẹ́ orí pẹpẹ ni gbogbo ìrìn rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀, bí èyí tó pọ̀ jù nínú ìdánwò yín, mẹ́ta péré ni. Mẹ́ta, Ẹnjiníà. Iye ẹran tó wà nínú àwo ọbẹ̀ rẹ lọ́jọ́ tí mo wá kí Màmá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ohun tó ń dà ọ́ láàmú kì í ṣe pé fọ́múlà pọ̀. Mo wo ìwé àkọsílẹ̀ rẹ: fọ́múlà ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, o fi bírò pupa yí wọn po bí ẹni tó ń ṣe aṣọ ẹbí. Ìpinnu ni ẹ̀kọ́ yìí ń béèrè lọ́wọ́ ẹni. Kí ni mo máa kà sí ara líle? Ibo ni mo máa dúró sí wò ó? Ìwọ kì í pinnu nǹkan kan. Wọ́n á bi ọ́ ní ìbéèrè, wàá sì máa ju fọ́múlà lù ú títí yóò fi ṣubú. Kò ṣubú, ìwọ lo ṣubú.

Jáde síta, kí o dúró síwájú ilé, kí o wo àwọn ọlọ́mọlanke tó ń kó ẹrù láti Àgbẹní wá sí Ògùnpa. Má wo ariwo wọn, ọwọ́ wọn ni kí o wò nígbà tí wọ́n bá ń to ẹrù. Ọmọlanke ní táyà méjì àti irin kan tó so wọ́n pọ̀. Àpò tó wúwo jù, orí irin yẹn gan-an ni wọ́n máa ń gbé e sí, tàbí kí wọ́n jẹ́ kó fi díẹ̀ ṣíwájú. Kí ló dé? Ká ní ẹrù náà jẹ́ kílò 200, tí àárín gbùngbùn rẹ̀ sì fi sẹ̀ǹtímítà 10 péré lọ sẹ́yìn irin. Ọwọ́ ọlọ́mọlanke wà ní mítà kan lé díẹ̀ síwájú, jẹ́ ká pè é ní 1.2. Mú moment, ìyẹn agbára lọ́nà ìjìnnà rẹ̀, yí irin náà ká: 200 lọ́nà 0.1, pín in sí 1.2. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ yóò máa fò sókè bí ẹni pé ẹnì kan so kílò 17 mọ́ ọn láti òkè. Ọkùnrin náà á wá máa fi ara kọ́ ọn bí ọmọdé tó ń fi igi ṣeré. Ẹrù kan náà, sẹ̀ǹtímítà 10.

Kíyè sí ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe yẹn. N kò béèrè bí ilẹ̀ ṣe ń ti táyà tó, nítorí n kò nílò rẹ̀. Mo dúró sórí irin, agbára tí ilẹ̀ fi ń ti táyà sì gba ara irin náà kọjá, kò ní ohun tó máa yí, ó sì yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ìṣirò. Nítorí ìyẹn ni mo ṣe yan ibẹ̀. Wàyí o, rántí àkàbà tó ń yọ̀ lára ògiri nínú ìdánwò rẹ. O fi ìwé náà hàn mí fúnra rẹ, torí náà má sọ pé mo tú ọ fó. O mú moment yí ẹsẹ̀ àkàbà ká, o kọ Iα (inertia lọ́nà bí yíyí ṣe ń yára sí i) síwájú rẹ̀, o fa ìlà méjì sí abẹ́ ìdáhùn. Àbúrò mi, ẹsẹ̀ àkàbà ń sá lọ! Eré sísá rẹ̀ sì ń yí padà ní gbogbo ìgbà. Ìwọ dúró tì í bí ẹni pé wọ́n fi ìṣó kàn án mọ́lẹ̀. Àárín ìwúwo àkàbà ni ibi tó dájú láti dúró sí. Bí o bá sì fẹ́ dúró síbi tó ń sá bẹ́ẹ̀, owó ìtanràn wà níbẹ̀: iye kan tó kù tí o gbọ́dọ̀ fi kún un, èyí tó wá láti inú bí ibi náà ṣe ń yára sí i. O ò san án. Lẹ́kítọ̀ bá gbà á lára máàkì.

Àwọn ọlọ́mọlanke tún mọ ìdajì kejì ẹ̀kọ́ yìí, bí wọn ò tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹrù tó bá jìnnà sí irin ní ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni ìnira tó máa fà nígbà tí wọ́n bá fẹ́ yí orí kẹ̀kẹ́ padà láàárín èrò. Ìlọ́po mẹ́rin yẹn ni inertia tí o há sórí pẹ̀lú ọfọ̀ àti àdúrà. Mass lọ́nà ìjìnnà, lọ́nà ìjìnnà lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ti gbọ́ ohun tí o fẹ́ sọ. O fẹ́ sọ pé bí ọlọ́mọlanke bá mọ gbogbo èyí láìka ìwé, kí wá ni ìwé wà fún, pé kí n jẹ́ kí o kúkú lọ fa ọmọlanke. Fara balẹ̀. Màmá ò ní gbà, apá rẹ náà ò sì ní ká a. Mo ń bọ̀ wá sí ibi tí ọgbọ́n ojú títì ti ń dá dúró.

Ṣáájú ìyẹn, ṣe iṣẹ́ kékeré kan fún mi. Wá àgólo mílíìkì mẹ́ta tí wọ́n tóbi dọ́gba. Jẹ́ kí ọ̀kan ṣófo. Jẹ́ kí èkejì jẹ́ èyí tí Màmá fi se mọ́ínmọ́ín, tó ti tutù, tó ti dì. Jẹ́ kí ẹ̀kẹta jẹ́ èyí tí a ò tíì ṣí rárá, tí mílíìkì ṣì ń dún nínú rẹ̀. Fi pákó ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí o sì yí wọn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. (Pákó ni mo wí. Má lọ ṣe é ní ìsọ̀kalẹ̀ Màpó. Micra tó bá ń bọ̀ kò ní béèrè pé ẹnjiníà ni ọ́.) Mílíìkì ni yóò gba ipò kìíní, mọ́ínmọ́ín á tẹ̀ lé e, òfìfo á kẹ́yìn.

Àgólo mọ́ínmọ́ín ni ara líle tó kún dénú, bó ṣe ń yára sí i jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta ti ohun tó bá kàn yọ̀ lọ láìyí. Òrùka tó ní ihò nínú, ìdajì ni tirẹ̀, nítorí gbogbo ìwúwo rẹ̀ ló sá lọ sétí. Àgólo òfìfo sún mọ́ ọn. Bọ́ọ̀lù tó kún, ìdá márùn-ún nínú méje. Ìwúwo ò sí nínú rẹ̀, fífẹ̀ ò sí nínú rẹ̀. Bọ́ọ̀lù ńlá àti bọ́ọ̀lù kékeré jọ dé ni. Mílíìkì ńkọ́? Mílíìkì ò bá wa fohùn ṣọ̀kan. Páànù ìta ń yí, omi inú rẹ̀ kàn ń yọ̀ lọ ní tirẹ̀, kò fi agbára ṣòfò sórí yíyí. Ibi tí irọ́ wa ti tú nìyẹn, ẹnjiníà tó bá sì gbọ́n gbọ́dọ̀ mọ ibi tó ti ń tú.

Omi kì í gba àdéhùn. Àwọn tó wà ní Ògùnpa ní 31 August 1980, nígbà tí odò Ògùnpa kún àkúnya, mọ èyí jù wá lọ, n kò sì ní fi ṣe àwàdà. Ọkọ̀ tó wúwo tó tọ́ọ̀nù kan, tó bá ti ti omi tó kún àpótí mítà kan ní gígùn, mítà kan ní ìbú, mítà kan ní gíga kúrò ní àyè rẹ̀, ó ti léfòó nìyẹn. Kó tó dé bẹ́ẹ̀ pàápàá, bí omi bá ṣe ń gbé e ni ilẹ̀ ń jọ̀wọ́ rẹ̀. Táyà ò rí nǹkan dì mú mọ́, ibi tí odò bá ń lọ ni ọkọ̀ ń lọ. Nígbà tí o bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kọnkéré tí wọ́n fi há odò náà mọ́ lẹ́yìn náà, wò ó dáadáa. Ìbéèrè tó wà níwájú ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ògiri bẹ́ẹ̀ ni pé: bí omi àti ilẹ̀ bá tì í, ṣé yóò yọ̀ ni, àbí yóò dojú dé? Ojú ìwé kejì nínú ìwé tí o fi ṣe ìrọ̀rí nìyẹn.

Ó yá, ká lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe wíìlì bálánsì. Awakọ̀ kan á wá, á ní bí òun bá ti sáré díẹ̀ ní ọ̀nà Èkó, sítíárìn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ òun. Fọkanáísà tó gbọ́n á kọ́kọ́ gbé táyà náà kọ́, á jẹ́ kó yí fúnra rẹ̀ títí yóò fi dúró; ibi tó bá wúwo ni yóò máa wá sísàlẹ̀. Á lẹ òjé díẹ̀ mọ́ òdìkejì rẹ̀. Ojú àti ọwọ́ tó ìyẹn ṣe. Òjé gíráàmù 20 péré, kí ni ìyẹn já mọ́? Ṣírò rẹ̀: táyà tí àárín rẹ̀ dé etí jẹ́ mítà 0.3, ọkọ̀ ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan, gíráàmù 20 tó pọ̀ jù náà wà ní mítà 0.2 sí àárín. Agbára tí yóò máa fà táyà lọ sí ẹ̀gbẹ́ yóò tó niútìnì 34, bí ìgbà tí ènìyàn so ẹrù kílò mẹ́ta àbọ̀ mọ́ ọn, tí ẹrù ọ̀hún sì ń sáré yí po bí ẹ̀ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí eré bá dín sí ìdajì, agbára náà á dín sí ìdámẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí awakọ̀ kì í fi í mọ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Dùgbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tí táyà á dúró síbikíbi tí o bá dá a dúró sí, kò síbi tó wúwo lára rẹ̀, síbẹ̀ tó bá dójú eré, á máa gbọ̀n. Ibí yìí ni ọgbọ́n ojú títì ti dúró. Ibi méjì tó wúwo ló wà lára rẹ̀: ọ̀kan lápá inú, ọ̀kan lápá ìta, wọ́n kọjú síra wọn. Wọ́n gbé ara wọn ró nígbà tí táyà dúró, ṣùgbọ́n nígbà tó bá ń yí, ọ̀kan ń fà á síhìn-ín, èkejì ń fà á sọ́hùn-ún, táyà á fẹ́ yí ojú kúrò lórí irin tó ń gbé e. Ojú ò lè rí i, ọwọ́ ò lè mọ̀ ọ́n. Product of inertia ni ìwé ń pè é, òun náà sì ni lẹ́tà tí o máa ń fo nítorí pé, nínú ọ̀rọ̀ tìrẹ, "wọ́n sáà máa ń jẹ́ òdo." Wọ́n jẹ́ òdo nínú ìwé nítorí pé ẹni tó kọ ìbéèrè ṣàánú rẹ. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ bálánsì fi máa ń ní kí wọ́n lẹ òjé sí inú àti sí ìta, tí iye wọn kò sì dọ́gba. Fọkanáísà ń ṣe ohun tí ẹ̀rọ wí. Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà ló ka ìwé.

Euler, onímọ̀ ìṣirò, ló to ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ, nínú ìwé kan tó tẹ̀ jáde ní 1765, pé gbogbo ara líle, bó ti wù kó rí wúruwùru tó, ló ní òpó mẹ́ta tó lè máa yí lé lórí láìbá ẹnikẹ́ni jà. Ojú kan ló ń fi ríran dáadáa nígbà náà. Ìwọ tí o ní méjì, tí o sì tún ní iná fóònù. Di ìwé rẹ pọ̀ pẹ̀lú rọ́bà kó má ṣí, kí o sì jù ú sókè ní ọ̀nà mẹ́ta. Lórí òpó tó rọrùn jù láti yí àti èyí tó nira jù, yóò yí jẹ́jẹ́. Lórí òpó àárín, yóò dojú bolẹ̀ kó tó padà sọ́wọ́ rẹ, bó ti wù kí o rọra jù ú. Dzhanibekov, ará Sófíẹ̀tì, rí nọ́ọ̀tì kan tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójú òfuurufú ní 1985, ó yí síwá, ó yí sẹ́yìn. Ó kéré tán, ìwé náà á rí iṣẹ́ mìíràn ṣe yàtọ̀ sí ìrọ̀rí.

O tún ní àwọn òyìnbó ló ń dá ara wọn lára yá. Ṣé o mọ Ayọ̀délé Awójọbí? Ọmọ Ìkòròdú, wọ́n bí i ní Oshodi ní 1937, ọ̀gá ibùdó rélùwéè ni bàbá rẹ̀. Ìbàdàn níbí, ní Nigerian College, ni ó ti ka físíìsì àti ìṣirò fún GCE onípele gíga ní 1958. Ilé kan náà ni Yunifásítì Ifẹ̀ ti wá bẹ̀rẹ̀ ní 1962. Zaria ló ti gba oyè ẹnjiníà pẹ̀lú ipò kìíní, kó tó lọ sí Imperial College ní London, kó tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Èkó. Ní 1965, òun àti ẹnì kan tó ń jẹ́ Grootenhuis tẹ iṣẹ́ kan jáde nínú ìwé ẹgbẹ́ Royal Society. Fetí sílẹ̀ kí o gbọ́ orí ọ̀rọ̀ rẹ̀: bí ara líle ṣe ń gbọ̀n lórí ilẹ̀ tó ń tẹ̀ tó sì ń padà, ilẹ̀ tó ní ojú lókè ṣùgbọ́n tí kò ní ìsàlẹ̀.

Rigid body, Ẹnjiníà. Ọmọ Ìkòròdú.

Wo irú ìpinnu tó ṣe. Ẹ̀rọ ata tó wà lẹ́yìn ìsọ̀ Màmá, tó ń mi gbogbo àdúgbò, tí abọ́ ń jó lórí pẹpẹ nígbà tí wọ́n bá ti tan án: irin rẹ̀ ń tẹ̀ díẹ̀, ìpìlẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀ díẹ̀, ilẹ̀ ń tẹ̀ púpọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀ kò ní jẹun títí ọdún yóò fi yí. Ẹni tó bá sì ní kò sí èyí tó ń tẹ̀, kò ní sí ohun tó ń mì nínú ìṣirò rẹ̀. Nínú irú iṣẹ́ yìí, ẹ̀rọ àti ìpìlẹ̀ rẹ̀ la ń kà sí ara líle, ilẹ̀ ni a fún láyè láti tẹ̀. Ìyẹn nìkan ló mú kó ṣeé ṣírò, ká sì lè mọ eré tí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ yẹra fún kí ilẹ̀ má bàa bá a jó. Imperial College fún Awójọbí ní DSc ní 1974. Ó kú ní 1984, kò tíì pé àádọ́ta ọdún. Ọ̀kan nínú àwọn orúkọ ìnagijẹ tí wọ́n fi ń pè é ni "Dead Easy". Èmi ò ní kí o máa jẹ́ irú rẹ̀. Mo sáà mọ èyí tí wọ́n máa fi pè ọ́ báyìí.

Kí n má bàa jẹ́ kí o sunkún, n ó fún ọ ní ìtùnú kan. Òkòtó tí a máa ń ta nílẹ̀ nígbà tí a wà lọ́mọdé, tó ń yí, tó ń mi orí, tí kò ṣubú: Lagrange, onímọ̀ ìṣirò mìíràn, lè ṣírò tirẹ̀ dópin, nítorí pé ó rí rogodo dọ́gba yíká. Bí o bá gé e ní wọ́gọwọ̀gọ, kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ̀yìn Euler àti Lagrange, ó di 1888 kí obìnrin ará Rọ́ṣíà kan, Kovalevskaya, tó rí irú kan sí i tó ṣeé ṣírò tán, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn ní Paris. Ìyókù, kọ̀ǹpútà la ń gbé e fún. Nítorí náà, bí fọ́múlà bá sá fún ọ nígbà mìíràn, kì í ṣe ìwọ nìkan. Ṣùgbọ́n ti àkàbà yẹn, ìwọ nìkan ni.

Mo ń bọ̀ ní Ògùnpa lọ́jọ́ Saturday. Kí n tó dé, dáhùn èyí. Ọmọlanke kan ru kílò 200, ó ń sọ̀ kalẹ̀ láti Màpó sí Bẹẹrẹ. Òkúta kan dá táyà rẹ̀ méjèèjì dúró lójijì. Ṣé yóò dojú dé tàbí kò ní dojú dé? Má ṣírò nǹkan kan. Ya ẹ̀ sórí páálí, fi ọfà sí gbogbo ibi tí nǹkan ti ń fà á tàbí tì í, kí o sì kọ ibi tí o fẹ́ mú moment yí ká, pẹ̀lú ìdí tí o fi yan ibẹ̀. Bí ìdí rẹ bá múná, èmi ni n ó san owó àmàlà. Bí o bá tún lọ dúró ti ohun tó ń sá lọ, ìwọ ni wàá san án, màá sì ní kí wọ́n fi ẹran méjì kún tèmi.

Èmi ni,
Àǹtí rẹ, tó gba B nínú ẹ̀kọ́ kan náà.